Agbára Àyálò

Irọ́ kan ń bẹ tí ó ń rìn kiri láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá jù lọ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Irọ́ náà kì í ké rara; jẹ́jẹ́ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ létí. Ó máa ń wí pé: "Oògùn kan wà tí ó lè lé oorun jìnnà sí ọ, tí ebi kò ní pa ọ́, tí ìwọ yóò sì kàwé láti alẹ́ di òwúrọ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ kò mọ ilé rẹ̀." Ẹni tí ó bá gba irọ́ yìí gbọ́ yóò rò pé òun ti ra agbára ní ọjà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi yé ọ, ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kankan tí yóò fi fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni ó ń yá agbára lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ara rẹ, àrùn ni ó sì máa ń wá gba gbèsè náà.

Kí ọ̀rọ̀ mi má ba à rú ọ lójú, jẹ́ kí n dárúkọ àwọn tí mo ń bá wí. Èkíní ni kòkéènì, tí a ń rí lára ewé igi kan tí ń hù ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Èkejì ni amphetamine, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1887. Ẹ̀kẹta ni methamphetamine, tí Nagai Nagayoshi, ọ̀mọ̀wé ará Jàpáànì, ṣe ní ọdún 1893. Òun ni àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní "ice", tí àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò sì ń pè ní mkpuru mmiri. Má ṣe rò pé wọ́n jìnnà sí wa. Ní ọdún 2011 ni ọwọ́ àjọ NDLEA tẹ ilé kan ní ìpínlẹ̀ Èkó níbi tí àwọn kan ti ń se methamphetamine bí ẹni ń se ọbẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí ìjọba Nàìjíríà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe sì fi hàn pé àwọn ènìyàn bí mílíọ̀nù 14.3, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ni wọ́n lo oògùn kan tàbí òmíràn ní ìlòkulò láàárín ọdún kan. Ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ilé àwa Yorùbá, ni ó ga jù lọ, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́, igbó ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò, kì í ṣe oògùn tí ń lé oorun; ṣùgbọ́n iye yìí tó láti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí ń ta oògùn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Kí o tó lè mọ ohun tí oògùn wọ̀nyí ń jí gbé, ó yẹ kí o mọ bí ara ti ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ní ayé ogun àtijọ́, ìlú tí ó bá fẹ́ sùn kí ó fi ọkàn balẹ̀ a máa mọ odi yí ara rẹ̀ ká, a máa gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn odi, a sì máa fi oníbodè àti ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ibodè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn rí. Awọ ara rẹ ni odi. Itọ́ ẹnu, ikun imú àti omi kíkan inú ikùn ni yàrà tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ń kú sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun, tí a ń dá nínú mùdùnmúdùn egungun, tí wọ́n ń rìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn mìíràn ń rọ ohun ìjà tí ó bá ọ̀tá kọ̀ọ̀kan mu, wọ́n sì ń rántí ojú ọ̀tá náà fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ń ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni a ń mí kòkòrò àrùn símú, tí a sì ń gbé wọn mì pẹ̀lú oúnjẹ. Síbẹ̀ a kì í ṣàìsàn lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Wàyí o, wo bí oògùn tí ń lé oorun ti ń la ògiri náà lẹ́nu.

Bí o bá pàdé ejò ní ojú ọ̀nà oko, kí o tó ronú rárá ni ọkàn rẹ yóò ti máa lù kìkì, ojú rẹ yóò là kedere, ebi tí ń pa ọ́ yóò sì pòórá. Ara ni ó tú oje méjì sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, tí a ń pè ní adrenaline àti cortisol, kí o lè jà tàbí kí o lè sá. Ìlù ogun ni wọ́n. Ìlù tí ó dára ni, bí a bá lù ú fún ìgbà díẹ̀ tí a sì dá a dúró. Ohun tí kòkéènì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń lu ìlù ogun nígbà tí ogun kò sí. Ǹjẹ́ ìlú wo ni a lè máa lu ìlù ogun fún ní gbogbo òru tí nǹkan rẹ̀ kò ní bàjẹ́? Àgbẹ̀ kò ní lọ sí oko, ọjà kò ní ná, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa tún odi mọ yóò sì máa sáré kiri ní ojúde. Cortisol tí ó bá pẹ́ ní pípọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa pa àwọn ẹ̀ṣọ́ funfun lẹ́nu mọ́, a sì máa sọ ọwọ́ wọn di ọ̀lẹ. Agbára tí o rò pé oògùn fún ọ láti kàwé, owó oúnjẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ ni.

Olè kejì ni ti oorun. Òru, nígbà tí onílé bá sùn, ni ara máa ń ráyè tún odi rẹ̀ mọ. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le sùn fún wákàtí 4 péré lóru, fún òru 6, wọ́n sì fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ọ̀fìnkìn líle. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ohun ìjà tí ara wọn rọ kò tó ìdajì ti àwọn tí ó sùn bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2009, àwọn mìíràn ní Pittsburgh ka iye wákàtí tí ènìyàn 153 ń sùn fún ọjọ́ 14, wọ́n sì kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí wọn nímú. Àwọn tí kò sùn tó wákàtí 7 kó ọ̀fìnkìn ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ju ti àwọn tí ó sùn fún wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣàkíyèsí pé kì í ṣe oògùn ni a fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Oorun nìkan ni wọ́n pàdánù. Bí àìsùn lásán bá lè ṣe èyí, kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí oògùn lé oorun rẹ̀ sá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìdẹwọ́?

Olè kẹta ni ti oúnjẹ. Àwọn oògùn yìí a máa pa ebi, ọ̀pọ̀ a sì máa yọ̀ sí i bí ẹni pé ebi jẹ́ ọ̀tá. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ara fi ń dá ẹ̀ṣọ́ tuntun sípò èyí tí ó kú. Ọba tí kò bọ́ ọmọ ogun rẹ̀, pẹ̀lú ìyà ni yóò jọba. Ara tí kò rí oúnjẹ jẹ, ibà kékeré ni yóò gbé e dè.

Ẹ̀kẹrin, oògùn náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó odi. Methamphetamine a máa mú itọ́ gbẹ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ itọ́ ni ó ń fọ eyín, tí ó sì ń ká kòkòrò ẹnu lọ́wọ́ kò. Ìdí nìyí tí eyín ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó fi ń jẹrà títí dé gbòǹgbò. Ó tún lè mú kí ènìyàn rò pé kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun, tí yóò sì máa ha ara rẹ̀ títí yóò fi di egbò. Kòkéènì tí a ń fà símú a máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú imú pa, títí ògiri tí ó wà láàárín ihò imú méjèèjì yóò fi lu. Ibi tí odi ti wó, ọ̀tá kò nílò àkàbà mọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ó burú jù, nítorí pé inú ẹ̀ṣọ́ gan-an ni ó ti ń jà. Nínú ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbé kòkòrò mì, àpò kékeré kan wà tí omi kíkan wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń dà bí oúnjẹ ti ń dà nínú ikùn. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé, nínú yàrá ìwádìí, methamphetamine a máa mú kíkan omi yìí dínkù. Ẹ̀ṣọ́ náà kò lè gbé ọ̀tá mì dáadáa mọ́, èyí tí ó sì gbé mì kò dà. Ní ti kòkéènì, àwọn oníṣòwò burúkú a máa lú u. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn tí ń lo kòkéènì tí irú ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun wọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, levamisole ni a bá, oògùn aràn tí a ń fún ẹran ọ̀sìn. Àyẹ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 fi hàn pé ó wà nínú èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú kòkéènì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o wọ ìlú wọn. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, egbò kékeré tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn lásán lè di ikú fún un. Ìwọ tí o ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ ní ọ̀sán gangan, báwo ni o ṣe mọ ohun tí ó lú mọ́ ọn?

N kò tilẹ̀ tíì mẹ́nu ba àwọn tí ń gún un lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kan tí ènìyàn mẹ́ta jọ ń lò ti fo odi, ó ti fo yàrà, inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ó gbé àrùn sí. Ọ̀nà yìí ni kòkòrò HIV àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ń gbà wọlé, òun náà ni àwọn kòkòrò tí ń ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́ sì ń gbà. Àwọn tí wọ́n jókòó sínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí wọ́n jọ ń fa èéfín, ń fún ikọ́ ife ní àyè láti ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife ń bá fínra jù lọ ní àgbáyé. Kì í ṣe ìlú tí ó yẹ kí a ti máa fi ẹ̀ṣọ́ ṣeré nìyí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò já mi níyàn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.

Wọn yóò ní, "Àwọn dókítà kan ń kọ irú oògùn yìí fún aláìsàn." Òótọ́ ni. Wọ́n ń kọ ọ́ fún ọmọ tí àìsàn kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró sójú kan, àti fún ẹni tí àìsàn ń mú sùn lójijì ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n dókítà mọ ìwọ̀n, ó mọ ara ẹni tí ó fún, ó sì ń wò ó lẹ́yìn. Ọ̀bẹ tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kò ní kí ọ̀bẹ ọwọ́ adigunjalè di oògùn.

Wọn yóò ní, "Àwọn baba wa ń jẹ obì kí oorun má ba à kùn wọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan kan wà nínú obì tí ń lé oorun, irú rẹ̀ sì wà nínú kọfí. N kò ní purọ́ fún ọ pé obì àti kòkéènì jẹ́ ọ̀kan. Awẹ́ obì kì í wó imú, kì í sì í pa ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ń jẹ obì láti ṣọ́ òru ọjọ́ kan, wọ́n sì ń sùn ní ọjọ́ kejì. Bí ìwọ bá fi obì tàbí kọfí gba oorun lọ́wọ́ ara rẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibodè náà yóò ṣí sílẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Wọn yóò ní, "Àwọn ọmọ ogun lò ó, wọ́n sì ṣẹ́gun." Ó dára, jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. Láti ọdún 1938 ni a ti ń ta methamphetamine ní Jámánì ní orúkọ Pervitin, àwọn ọmọ ogun wọn sì gbé e mì lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọdún 1940. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 1941, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba kan náà tí kò bìkítà fún ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ni ó fi oògùn náà sábẹ́ òfin oògùn olóró. Jàpáànì náà fún àwọn ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, oògùn tí ó ṣẹ́kù dé ọwọ́ ará ìlú, ó sì di ìyọnu tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ṣe òfin lòdì sí i ní ọdún 1951. Àwọn tí ó fi í jagun ni ó kọ́kọ́ sá fún un.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni pé, "Lágbájá lò ó, kò kú, ó sì yege." Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yá owó lánàá ni èyí. Ọjọ́ tí a bá gba owó sọgúndogójì kọ́ ni a ń sunkún. Ọjọ́ tí a bá wá gbà á padà ni. Bí Lágbájá bá wá kó òtútù àyà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdánwò, wọn yóò ní atẹ́gùn ni ó fẹ́ sí i tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Ta ni yóò rántí àwọn òru tí ó ti fi ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dógò? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá àwa àgbà sọ, mo sì fẹ́ kí ìwọ ọ̀dọ́ gbọ́ ọ. Kòkòrò tí í jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ pé oorun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Àwa ni. Ọmọ tí ó bá fi òru ṣe ọ̀sán ni àwọn òbí ń fi yangàn níwájú àlejò. Ọmọ tí ó bá sùn ní agogo mẹ́sàn-án ni a ń pè ní ọ̀lẹ. A ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé ibi àfikún ẹ̀kọ́, a ń ti ibẹ̀ dé ibi ìpalẹ̀mọ́ ìdánwò, títí ọ̀gànjọ́ fi ń bá ọmọ lórí àga. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa ya ẹnu nígbà tí ọmọ bá lọ wá oògùn tí yóò mú un ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Mo jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ń sọ ọ́ láìfi bò: òbí tàbí olùkọ́ tí ń yin àìsùn ń bá olóògùn polówó ọjà rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, gba ìmọ̀ràn yìí. Ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru. Sùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, o ti rí wákàtí 8 ààbọ̀. Bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò, nítorí ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Oorun kan náà tí ń tún odi ara mọ ni ó ń fi ẹ̀kọ́ tí o kọ́ pamọ́ sí ọpọlọ. Ẹni tí ó lé oorun lọ láti kàwé ti da omi sínú agbọ̀n. Bí ọ̀rẹ́ bá nà án sí ọ, kọ̀ ọ́, má sì bẹ̀rù pé yóò pè ọ́ ní ojo. Bí o bá sì ti bẹ̀rẹ̀, má ṣe fi ojú pamọ́. Sọ fún òbí rẹ, tàbí olùkọ́ tí o gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ara jẹ́ olóore. Ẹni tí ó bá tètè jáwọ́, tí ó sùn, tí ó sì jẹun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni ara yóò tún dá.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá kò lè gbé ẹni tí ikọ́ dá sórí ibùsùn dìde. Agbára tí Ẹlẹ́dàá fi sí ọ lára kò ní èlé, oorun àti oúnjẹ nìkan ni ó ń béèrè. Má ṣe lọ yá agbára lọ́wọ́ ẹni tí yóò rán àrùn wá gba gbèsè rẹ̀.